Yàrà Wa, Ọ̀nà Wọn: Ìtàn Fúlàní Darandaran Dé Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú

Oko ẹ̀gẹ́ ìyá mi wà lójú ọ̀nà tó ti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, tí ìrì ò tíì gbẹ lára koríko, mo bá ọmọkùnrin kan létí oko náà. Kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lọ. Ó dé akẹ̀tẹ̀, ó gbé ọ̀pá sẹ́yìn ọrùn, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì kọ́ ọ̀pá náà. Màlúù tó ń dà tó ọgọ́ta. Abo funfun kan ti ń na ọrùn sí ewé ẹ̀gẹ́. Ọmọ náà ò pariwo, kò sì ju òkò. Ó fi ahọ́n ta ẹnu lẹ́ẹ̀mejì, ó wá pe ọ̀rọ̀ kan jẹ́jẹ́. Abo màlúù yẹn gbé orí sókè, ó fi ẹ̀gẹ́ sílẹ̀, ó yí padà, ó tọ̀ ọ́ wá. Láti kékeré ni mo ti ń rí màlúù, nígbà Ìléyá, níbi ìnáwó, lọ́dọ̀ alápatà. Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ mọ̀ pé màlúù ń jẹ́ orúkọ.

Orúkọ tí àwa ń pe àwọn tó ni màlúù náà kò ní ìtumọ̀ kan lẹ́nu wa. Fúlàní la máa ń wí, tàbí Bororó bó bá jẹ́ àwọn tó ń gbé inú igbó. Rédíò ti sọ wọ́n di darandaran báyìí. Àwọn àgbà a sì máa pa á lówe pé Gàǹbàrí pa Fúlàní, kò lẹ́jọ́ nínú. Òwe yìí kò dùn mọ́ mi rí. Àjèjì pa àjèjì, kí ló kàn wá, ohun tó ń wí nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, ìran méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni Gàǹbàrí àti Fúlàní. Èdè Haúsá bá èdè Lárúbáwá tan. Èdè Fúlàní ní tirẹ̀ wá láti agboolé ńlá kan náà tí èdè Yorùbá ti wá, èyí tí àwọn onímọ̀ èdè ń pè ní Niger-Congo. Ìbátan rẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù ni èdè àwọn Wolof àti ti àwọn Serer ní Sẹ̀nẹ̀gàl. Bí a bá ń wá ẹni tí èdè rẹ̀ bá tiwa tan, kódà kó jẹ́ ìbátan ọ̀nà jíjìn, ọmọ tó ń da màlúù létí oko yẹn sún mọ́ wa ju Gàǹbàrí tó ń ta àlùbọ́sà ní Sábó Ṣàgámù lọ.

Ẹnì kan nínú wọn, Pullo ni. Bí wọ́n bá pọ̀, wọ́n di Fulɓe. Ọ̀dọ̀ Haúsá la ti yá Fúlàní lò. Faransé gba Peul lẹ́nu àwọn Wolof. Èdè wọn ń jẹ́ Fulfulde ní Nàìjíríà, ó ń jẹ́ Pulaar ní Sẹ̀nẹ̀gàl, wọ́n sì ń sọ ọ́ láti etí òkun ní ìwọ̀-oòrùn títí wọ ilẹ̀ Sudan. Àwọn tó ń sọ ọ́ lé ní mílíọ̀nù 20. Nínú èdè náà, ọ̀rọ̀ orúkọ kọ̀ọ̀kan ló ní agbo tó ń gbé, agbo wọ̀nyí sì tó ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fẹ́ràn ọ̀kan nínú wọn gidigidi: nagge ni màlúù, naange ni oòrùn, yiite ni iná, agbo kan náà sì ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gbé. Ìran tó bá to màlúù mọ́ oòrùn àti iná nínú èdè rẹ̀, ẹran títà nìkan kọ́ ló ń dà kiri.

Ìtàn tí wọ́n ń pa fún ọmọ wọn náà kò jìnnà sí èyí. Inú omi, wọ́n ní, ni màlúù ti jáde. Ẹnì kan dá iná létí odò lóru. Màlúù rí ìmọ́lẹ̀ náà, wọ́n ń jáde níkọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tọ iná náà bọ̀. Oríṣiríṣi ọ̀nà ni wọ́n ń gbà pa á láti ibì kan dé ibòmíràn, ṣùgbọ́n ẹ lọ sí gáà Fúlàní èyíkéyìí nírọ̀lẹ́, ẹ ó rí iná náà. Dudal ni wọ́n ń pè é. Èéfín rẹ̀ ń lé eṣinṣin, màlúù á sì wá dùbúlẹ̀ yí i ká láìsí ẹni tó dè wọ́n.

Ìtàn mìíràn wà tí àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn láàárín wọn fẹ́ràn jù. Wọ́n ní Uqba, balógun Lárúbáwá tó tẹ Kairouan dó ní ilẹ̀ Tùnísíà ní ọdún 670, ló fẹ́ ọmọ ọba kan ní apá ìhín, tó bí ọmọkùnrin mẹ́rin, tí àwọn yẹn sì di orírun ìdílé Diallo, Sow, Barry àti Bah. Àwọn òpìtàn ò gba èyí gbọ́. Kí Ìjẹ̀bú má sì fi í rẹ́rìn-ín, torí àwa náà ń sọ pé Wàdáì, lọ́hùn-ún ní ìlà-oòrùn Chad, la ti ṣí wá, pé Olú-Ìwà ló ṣáájú, kí Ọbańta tó dé. Òpìtàn Samuel Johnson náà kọ ọ́ sínú ìwé pé ní Mẹ́kà ni Lámúrúdu, baba Odùduwà, ti jọba. Gbogbo wa la fẹ́ kí ilé wa jìnnà. Àwọn Aimaq, darandaran tó ń sọ èdè Páṣíà ní ìwọ̀-oòrùn Afghanistan, ka ara wọn sí ìdílé mẹ́rin bákan náà; Chahar Aimaq ni wọ́n ń jẹ́, chahar sì ni ẹẹ́rin lédè wọn. Mi ò sọ pé àwọn àti Fúlàní jẹ́ ẹbí o. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé ẹni tí kò ní ìlú tó lè fi ọwọ́ tọ́ka sí gbọ́dọ̀ mọ ìdílé rẹ̀ dáadáa, kó lè mọ ẹni tí yóò gbà á sílé bó bá rìn jìnnà.

Ibi tí àwọn onímọ̀ fẹnu kò sí ni Futa Tooro, àfonífojì odò Sẹ̀nẹ̀gàl. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fọ́n ká. Ṣáájú ìyẹn, nígbà tí Sàhárà ṣì ní koríko àti adágún omi, àwọn kan ti ń da màlúù níbẹ̀. Àwòrán màlúù wọn ṣì wà lára àpáta ní Tassili n'Ajjer, ní gúúsù Àlgéríà. Bí ilẹ̀ ṣe ń gbẹ, àwọn darandaran ń tẹ̀ lé omi wá sísàlẹ̀. Amadou Hampâté Bâ, òǹkọ̀wé Fúlàní ọmọ ilẹ̀ Mali, gbà pé àṣà ìran òun wà nínú àwọn àwòrán náà. Ẹ̀jẹ̀ wọn náà ń jẹ́rìí sí ìrìn yìí: àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì rí i pé ẹ̀jẹ̀ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà àti ti àríwá Áfíríkà ló dàpọ̀ nínú wọn, pé púpọ̀ nínú wọn sì ní ohun kan lára tó jẹ́ kí wàrà tútù dà nínú àgbàlagbà. Ọ̀pọ̀ àgbà wa ni inú rẹ̀ á máa kùn bó bá mu ún. Ọmọ Fúlàní á mu ún títí dọjọ́ ogbó.

Láti Futa Tooro, wọ́n kọjú sí ìlà-oòrùn. Kò sí ọba kan tó rán wọn, wọn ò sì gbógun. Ìdílé kan á ṣí gba ibi tí koríko wà, ọmọ rẹ̀ á tún ṣí síwájú díẹ̀, títí ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan fi kọjá. Nígbà tó fi di ìjọba Yakubu ní Kánò, láàárín ọdún 1450 sí 1470, wọ́n ti dé ibẹ̀. Ìwé ìtàn Kánò sọ pé wọ́n gbé ìwé ẹ̀kọ́ dání. Nǹkan pín níbí yìí. Àwọn kan jókòó sílùú, wọ́n di aláfàá, adájọ́ àti olùkọ́. Àwọn yòókù dúró ti màlúù. Láti inú àwọn onílùú ni Usman dan Fodio ti jáde, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ jìhádì rẹ̀ ní 1804, tí Sókótó fi di olú ìlú ìjọba rẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀, Nana Asma'u, kọ ewì ní Fulfulde, ní Haúsá àti ní Lárúbáwá.

A mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan Yorùbá. Afọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, pe Àlímì, aláfàá Fúlàní, mọ́ra ní Ìlọrin nígbà tó ń bá Aláàfin jà. Ní nǹkan bí 1824, wọ́n pa Afọ̀njá. Abdulsalam ọmọ Àlímì di Ẹ́míà. Ọ̀yọ́-Ilé tú ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, Ìbàdàn ló sì dá ogun Ìlọrin dúró ní Òṣogbo ní 1840. Ìrora ìtàn yìí ṣì wà lára wa, mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n a ti ń gbé ẹ̀ṣẹ̀ ààfin lé ẹni tí kò dé ààfin rí lórí. Bororó tó ń sùn sábẹ́ igi kò jẹ oyè ní Ìlọrin. Owó orí màlúù ni àwọn ẹ́míà ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀, òyìnbó sì gbà á lẹ́yìn wọn. Jangali ni wọ́n ń pè é.

Gáà rẹ̀ ni ká wò dáadáa, torí ẹni tó bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá á rò pé ẹni tí kò rílé gbé ló wà níbẹ̀. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n tẹ̀ bí ọrun, tí wọ́n fi ẹní àti koríko bò. Obìnrin ló ni ilé. Ọkọ ló ni agbo. Láàárín méjèèjì, okùn gígùn kan wà nílẹ̀ tí wọ́n so àwọn ọmọ màlúù mọ́ lẹ́sẹẹsẹ. Daangol ni okùn náà. Bí ìyá wọn bá ti ìjẹ dé, wọ́n á tú ọmọ kan, yóò mu ọmú díẹ̀ kí wàrà lè sọ̀, wọ́n á fà á sẹ́yìn, wọ́n á sì fún ìyókù sínú igbá. Wàrà tó bá ti inú igbá náà jáde, ti obìnrin ni. Owó rẹ̀, ọwọ́ obìnrin ló wà. Ọkọ tó ni ọgọ́rùn-ún màlúù ò gbọdọ̀ bi í léèrè.

Àwa ní Ìjẹ̀bú mọ wàrà yẹn ju bí a ṣe mọ ẹni tó ṣe é. Mo ti jókòó ti ìyá kan tó ń ṣe é. Ó gbé wàrà kaná, iná jẹ́jẹ́. Ó gún ewé bọ̀mubọ̀mu, ó fi omi ṣẹ́ ẹ, ó dà á sínú ìkòkò, kò sì tún fọwọ́ kan ìkòkò náà mọ́. Nígbà tó ṣe díẹ̀, wàrà náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣù, omi rẹ̀ ń yọ sọ́tọ̀. Ó fi igbá kékeré bù ú sínú apẹ̀rẹ̀, ó jẹ́ kó ro. Mo bi í léèrè iye màlúù tí ọkọ rẹ̀ ní. Ó rẹ́rìn-ín, ó yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní wọ́n wà. Ojú tì mí. Ta ni kò mọ̀ nínú wa pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ?

Ìwà tó yí ojú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn ní orúkọ: pulaaku. Sùúrù wà nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní munyal; ìtìjú wà níbẹ̀, semteende; làákàyè wà níbẹ̀, hakkiilo. Bí mo bá fẹ́ fi Yorùbá sọ ọ́, ọmọlúàbí ni, àmọ́ ó le ju tiwa lọ. Ẹni tó ní pulaaku kò gbọdọ̀ fi ebi hàn nílé onílé. Nínú ọ̀pọ̀ ìdílé wọn, ìyá kì í pe àkọ́bí rẹ̀ lórúkọ. Níbi sharo, ọ̀dọ́mọkùnrin á dúró kí ẹgbẹ́ rẹ̀ nà án ní pàṣán, á máa rẹ́rìn-ín, kò gbọdọ̀ ṣẹ́jú. Pulaaku yìí ló tún gbé habbanaae ró. Bí àrùn bá pa agbo ẹnì kan, ìbátan rẹ̀ á yá a ní abo màlúù kan. Bó bá bí ọmọ méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n á dá ìyá padà, àwọn ọmọ á sì di ti ẹni tí wọ́n yá. Ó jọ èésú wa díẹ̀, àfi pé ohun tó ń mí ni wọ́n fi ń dá a.

Ìrìn wọn kì í ṣe ìrìn-kúrìn. Nígbà òjò, wọ́n á gòkè sí ilẹ̀ gbígbẹ níbi tí eṣinṣin kò pọ̀. Bí ọyẹ́ bá dé, tí koríko òkè gbẹ, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ sí ibi tí omi wà. Burtol ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà. Bàbá fi han ọmọ, ọmọ fi han ọmọ tirẹ̀. Àwọn Bakhtiari ilẹ̀ Iran náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: pẹ̀tẹ́lẹ̀ Khuzestan nígbà òtútù, kí wọ́n tó kó àgùntàn àti ewúrẹ́ gun òkè Zagros lọ síhà Isfahan nígbà ooru. Reza Shah fi agbára mú wọn jókòó sójú kan lẹ́yìn ọdún 1925, ẹran wọn sì kú púpọ̀. Ẹni tó bá ń wí pé kí darandaran ṣáà jókòó kíá ní láti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Àwa ní tiwa, yàrà la wà. Eredo Sungbo tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká gùn tó 160 kìlómítà, ó sì jìn tó ogún mítà níbì kan. Láyé àtijọ́, àjèjì ò gbọdọ̀ gba ilẹ̀ wa kọjá lọ sí etí ọ̀sà. Torí èyí ni Gẹ̀ẹ́sì ṣe bá wa ja ogun Ìmàgbọn ní oṣù Karùn-ún 1892. Ṣùgbọ́n yàrà kọ́ ló dí màlúù lọ́nà. Igbó kìjikìji ni, àti eṣinṣin tsétsé inú rẹ̀. Màlúù oníké, irú Bunaji funfun tí ìwo rẹ̀ ga yẹn àti Rahaji pupa, kò lè gbé ibi tí tsétsé bá wà. Á rù, á kú. Àwọn kúkúrú tí kò ní iké nìkan ló lè fara dà á, àti kẹ́tẹ́kù tó jẹ́ àdàlù méjèèjì. Tsétsé kan náà ló jẹ́ kí ẹṣin Ọ̀yọ́ máa ti òkè ọya wá lọ́dọọdún. Ìdí nìyí tí Fúlàní fi wà ní Òkè-Ògùn àti ìhà Kétu láti ìgbà pípẹ́, lórí ilẹ̀ ọ̀dàn, tí Ìjẹ̀bú ò sì mọ̀ ju ẹran àti wàrà lọ.

Igbó náà ò dúró. A gé e fún kòkó, fún rọ́bà, fún pákó, a sì gbin ẹ̀gẹ́ sí ibi tó ṣẹ́ kù, gàrí Ìjẹ̀bú ṣáà gbọ́dọ̀ dé Èkó. Ibi tí igbó ti lọ, tsétsé ò rí ibi gbé. Reluwé tó dé Kánò ṣáájú 1914 ń kó màlúù bọ̀ ní gúúsù. Lẹ́yìn 1950, abẹ́rẹ́ tó ń dá àrùn tsétsé dúró dé ọwọ́ àwọn darandaran. Ọ̀dá ńlá mú àríwá láàárín 1968 sí 1974, ó tún mú un ní 1983 àti 1984. Ẹni tí màlúù rẹ̀ kù, ìsàlẹ̀ ló kọrí sí. Wọ́n ti rí ìparun rí kí ìyẹn tó dé: àjàkálẹ̀ àrùn màlúù tó jà ní nǹkan bí 1890 pa agbo tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọlọ́rọ̀ ìjẹta fi di aṣagbe. Bí ẹ bá dé Kárà létí odò Ògùn, lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ní ọ̀sẹ̀ Ìléyá, ẹ ó rí i pé ìrìn náà ti di òwò ńlá. Lọ́jọ́ kẹta Ìléyá, nígbà tí àwọn ìdílé Balógun bá ń gun ẹṣin wọ Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹran òkè ọya ti wà nínú ìkòkò gbogbo ilé.

Bí wọ́n ṣe dé, bẹ́ẹ̀ ni ìjà dé. Òfin ibùjẹ ẹran tí ìjọba ìhà àríwá ṣe ní 1965 kò kan ilẹ̀ wa. Àdéhùn ECOWAS ti 1998 lórí dída ẹran kọjá ẹnubodè kò sọ ẹni tí yóò san owó ẹ̀gẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, àwọn ará abúlé ní Àríwá Yewa, ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí, sá kọjá sí ilẹ̀ Benin nítorí ìpànìyàn. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, wọ́n jó ilé, wọ́n sì pa èèyàn ní Ìgàngàn, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Láàárín àwọn méjèèjì, ní ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún, àwọn gómìnà gúúsù pàdé ní Asaba, wọ́n ní kí dída ẹran ní gbangba dópin. Apànìyàn ni apànìyàn ń jẹ́, kí òfin mú un, orúkọ ìran rẹ̀ ò gbọdọ̀ gbà á sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí àwọn Fúlàní tí bàbá wọn bí síbí, tí wọ́n ń sọ Yorùbá ju ọmọ Èkó lọ, tí wọ́n kó ilé wọn sórí ọ̀kadà lóru nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí wọn ò mọ̀ nípa rẹ̀.

Wọ́n ti jẹ oko tiwa náà rí. Agbo kan wọ ẹ̀gẹ́ ìyá mi lóru, ó jẹ ibi tó tó ìdajì éékà. Sèríkì wọn wá jókòó lórí àga nínú ọgbà wa, ó dọ̀bálẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, ó san owó tí kò tó iye ohun tó bàjẹ́. Inú bí mi, mo fẹ́ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ìyá mi ní kí n jókòó. "Ebi ni màlúù mọ̀," ó wí, "kò mọ ààlà. Ẹni tó sùn lórí iṣẹ́ ló jẹ̀bi, bàbá yìí sì ti wá." Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń kí ara wọn. Èèpo ẹ̀gẹ́ tí a máa ń dà nù tẹ́lẹ̀, ìyàwó Sèríkì ń wá gbé e fún ẹran. Wàrà ló máa ń fi dúpẹ́.

Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀ lọ́dún yìí, wọ́n tú gáà. Kò gbà wọ́n ju òwúrọ̀ kan lọ. Ẹní wọ́n ká, igbá wọ́n kó sínú ara wọn, okùn ọmọ màlúù ni wọ́n ká kẹ́yìn. Ọmọ tó ń pe màlúù lórúkọ ló ṣáájú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ìyá mi gbin àgbàdo sójú ibẹ̀. Ẹ lè fi ojú rí ibi tí daangol wà: ìlà àgbàdo kan ló fi orí kan lé àwọn yòókù, ewé rẹ̀ dúdú, ó nà gbọọrọ láti ìdí ìrókò dé etí ọ̀nà. Ní báyìí tí ọyẹ́ ti ń sún mọ́lé, ìyá mi ti ń sá èèpo ẹ̀gẹ́ sórí àpáta. Àpò méjì ló ti kún.